Ọkọ́ Kì Í Ṣe Pàṣán

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán, ìyá mi pe èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ́ méjì àti àdá kan wà nílẹ̀ níwájú wọn. Kí wọ́n tó la ẹnu sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti kúnlẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí la ṣe?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Dìde jàre. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọgbà ẹ̀fọ́ la fẹ́ dá." Gbogbo wa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di alẹ́, tí mo dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tó fojú kan ọkọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ta ló kọ́ ọ? Nínú ìwé wo ló ti kà á pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń mú ọkọ́ dání?

Èsì ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí tí yóò kà á. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-ìwé àti ilé ti pawọ́ pọ̀ sọ ọkọ́ di pàṣán. Òun ni wọ́n fi ń jẹ wá níyà, òun náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Ìdí nìyí tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé fi ń sú àwọn ọmọ kí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ tó hù. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń gbin ohun tí yóò jẹ, ẹ kọ́kọ́ gba ọkọ́ kúrò lọ́wọ́ ìyà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Bí o bá pẹ́ dé, koríko ni wàá gé. Bí o bá pariwo ní kíláàsì, koríko ni. Bí o bá gbàgbé bẹ́líìtì sílé, koríko ni. Bí o bá sọ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ní òyìnbó nìkan ni kí a máa sọ, koríko náà ni. Wọn yóò fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọn yóò ní, "Láti ibí dé ibẹ̀ yẹn," wàá sì máa gé e lábẹ́ oòrùn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wà nínú kíláàsì. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ọmọ tó pẹ́ dé ti pàdánù ẹ̀kọ́ kan, a wá ní kí ó lọ pàdánù èkejì.

Nígbà tí mo wà ní SS1, mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kan nítorí pé ọkọ̀ tí mo wọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Wọ́n wọn koríko fún mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń di àdá mú, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ mi bó kí n tó dé ìdajì. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní kí n kó koríko náà jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Ìgbà náà ni mo tó wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ohun tí olùkọ́ sì kọ sójú pátákó ni pé bí a bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi inú rẹ̀ gbẹ, àti pé koríko náà yóò jẹrà, yóò sì sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ọwọ́ tó bó yẹn ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé mi. Èéfín koríko tí wọ́n sun ṣì ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ilé náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ tí kò bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, gbólóhùn kan náà ni yóò gbọ́: "Bí o kò bá kàwé, oko ni màá mú ẹ lọ." Bí a bá fẹ́ bú ẹni tí ojú rẹ̀ kò là, "ará oko" ni à ń pè é. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Ẹni tó gbin iṣu tí ẹ fi gún iyán lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni ẹ fi ń dẹ́rù ba ọmọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọmọ náà jẹ iyán, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Iyán yóò dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dà.

Ẹ wá wo ohun tí èyí fà nínú ilé tiwa.

Ìyá mi ń ránṣọ, bàbá mi sì ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Ohun tó mú kí wọ́n fẹ́ dá ọgbà ni owó ata àti tòmátì. Ẹ̀yin náà rántí. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Òkè Ọya débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní ọdún 2024, ó tún pa dà wá, tòmátì sì di ohun tí à ń ṣẹ́ owó kà lé lórí. Ìyá mi ní àwọn kò ní máa dúró de kòkòrò tó wà ní Òkè Ọya kí ó tó fún àwọn láṣẹ láti se ọbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju yàrá méjì lọ ní fífẹ̀. Ọ̀rá, àfọ́kù ìgò àti sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ ló kún ibẹ̀. Sátidé mẹ́ta gbáko ni a fi ṣa wọ́n.

Ewédú ni a kọ́kọ́ gbìn. Mo ra irúgbìn rẹ̀ lọ́jà, mo fọ́n ọn sílẹ̀, mo ń bomi rin ín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí ohun tó hù bí kò ṣe èpò. Mo tún fọ́n òmíràn. Bákan náà ló rí. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, jókòó lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí mo fẹ́ fọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ti fi omi gbígbóná kàn án?" Mo ní kí ni omi gbígbóná fẹ́ ṣe fún irúgbìn, ṣé kò ní jinná ni? Màmá dìde. Wọ́n di irúgbìn náà sínú aṣọ pẹlẹbẹ, wọ́n tì í bọ inú omi tó hó, wọ́n ka ọ̀kan sí márùn-ún, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sínú omi tútù. Wọ́n ní èèpo ara rẹ̀ le, kò lè la ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bọ̀rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ewédú ti hù bí irun orí.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní, "Ẹ ò bi mí. Mo rò pé wọ́n ti kọ́ yín nínú ìwé ni."

Ata ló tẹ̀lé e. Bàbá mi lọ gba àpò imí adìẹ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìẹ. Tútù ni a dà á sí ìdí ata, a rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ewé ata ti gbẹ bí ẹni fi iná jó o. Màmá ní kí a kó èyí tó kù jọ sí kọ̀rọ̀ kan, kí a fi ewé bò ó, kí a jẹ́ kí ooru inú rẹ̀ kúrò kí a tó fọwọ́ kàn án. Tòmátì 12 ni a lọ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn rọ lójijì bí ẹni da omi gbígbóná sí wọn, ewé wọn sì tutù yọ̀yọ̀ síbẹ̀. Màmá ní àìsàn inú ilẹ̀ ni, kí a fà wọ́n tu, kí a gbé wọn jìnnà, kí a má sì gbin tòmátì tàbí ata tàbí ìgbá sí ojú ibẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ sì wá dára, tó ku ọ̀la kí a já a, ewúrẹ́ méjì láti ilé kejì wọlé lóru, wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni àwọn kan ní àdúgbò fi wá ṣe. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò lè ra ẹ̀fọ́ ni?"

Mi ò sọ gbogbo èyí láti fi ṣàánú ara wa. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ewúrẹ́ nìkan ni kì í ṣe àìmọ̀, àní bí a bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọgbà ni à bá kọ́kọ́ ṣe yíká. Èmi ni mo gba àmì tó ga jù ní kíláàsì wa nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn ní JSS3. Mo lè ka oríṣi ilẹ̀ mẹ́ta láìwo ìwé. Mo lè sọ ìwúlò ajílẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọwọ́ mi gbin ẹyọ ohun kan rí nínú ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí n ka wákàtí tí mo ti fi gé koríko láti JSS1 títí di òní, n kò lè kà á tán. Ká ní wọ́n fi ìdajì rẹ̀ kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi gbígbóná kan irúgbìn ewédú, owó irúgbìn ẹ̀ẹ̀mejì kò bá má ṣòfò. Ọkọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, oòrùn kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kọ́, èkejì jẹ́ ìyà. Èyí tó jẹ́ ìyà ni a gbà.

Ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa gan-an, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó kọ ọ́. Nígbà tí ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, nígbàkigbà tí àbúrò mi bá ṣẹ̀, ohun tí bàbá mi máa ń sọ ni pé, "Ó yá, lọ bomi rin ọgbà." Ọmọ náà á gbé garawa, á da omi náà gbàà sórí ewé, á sì sá wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ata dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ọrùn wọn ṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi fa bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Baálé mi, bí ẹ bá ń fi ọgbà yìí na ọmọ yìí, òun náà á máa fi na ọgbà." Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Dípò rẹ̀, wọ́n la ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀, wọ́n kọ ọ́ ní ebè pẹrẹsẹ, wọ́n ní ti àbúrò mi ni, ohun tó bá wù ú ni kí ó gbìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já nǹkan níbẹ̀ láìtọrọ. Tẹ̀tẹ̀ ló gbìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tà á fún ìyá mi àti obìnrin méjì ní àdúgbò. Ó fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì, ó sì fi èyí tó kù ra irúgbìn ilá. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn o. Ẹsẹ ọkọ́ kò yí pa dà. Orúkọ tí a fún un ló yí pa dà.

Ayọ̀ wà nínú rẹ̀, n kò ní purọ́. Mo rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ se ọbẹ̀ tí a kò ra ewé rẹ̀. Gbogbo wa jẹun láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn bí èfìnrín ṣe máa ń ta sánsán bí aṣọ bá fẹ́ ẹ lára. Mo fẹ́ràn ewúro, tí ó jẹ́ pé igi rẹ̀ lásán ni a gún mọ́lẹ̀, tí ó sì rúwé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé Màmá kì í jókòó lójú kan mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀pá wọn rìn yí ọgbà ká, tí wọ́n ń pàṣẹ fún wa bí ọ̀gágun. Wọ́n kọ́ wa láti fi ewé dóńgóyárò gígún sínú omi kí a sì wọ́n ọn sára ewé tí kòkòrò ń jẹ. Wọ́n kọ́ wa láti gé tẹ̀tẹ̀ dípò kí a fà á tu, kí ó lè tún rú. Obìnrin àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè fún ọdún mélòó kan ti wá di olùkọ́ ní ilé wa.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kejì. Àwọn kan ń sọ pé bí o bá ti ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ebi ti tán nílé rẹ nìyẹn, owó ti dé. Irọ́ ni. Ọgbà tiwa kò fún wa ní gàrí, kò fún wa ní ìrẹsì, kò san owó ilé-ìwé wa. Ewé ọbẹ̀ àti ata díẹ̀ ló fún wa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, omi kànga wa lọ sílẹ̀. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì ni a ń dà sí ìdí ewúro àti ata, a sì fi ìyókù sílẹ̀ títí òjò fi pa dà. Àsọdùn yìí náà wà lára ohun tó ń ba ọgbà jẹ́. Ẹni tí a ṣèlérí ọrọ̀ fún, bí ó bá rí ẹ̀fọ́, yóò sọ pé wọ́n tan òun jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀fọ́ ni yóò rí, bí ó bá rí ẹ̀fọ́, inú rẹ̀ yóò dùn.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa yóò sọ. Wọn yóò ní, "Bí a kò bá fi koríko jẹ yín níyà, kí ni ká fi jẹ yín níyà? Ṣé kí á dá ẹgba pa dà ni?" Rárá o. N kò sọ pé kí ẹ má bá wa wí. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, kí ó jókòó nígbà ìsinmi, kí ó ṣe iṣẹ́ tí ó pàdánù. Gbèsè tó jẹ ló san yẹn. Ọmọ tó bá da ìdọ̀tí sílẹ̀, kí ó ṣa á. Ọmọ tó bá bú ẹlòmíràn, kí ó bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tó gbọ́ èébú náà. Kí ìbáwí bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Kí ni koríko fi bá bẹ́líìtì tan?

Wọn yóò tún ní, "Ta ni yóò wá máa gé koríko ilé-ìwé?" Gbogbo wa ni. Ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló máa ń gbá kíláàsì wọn, tí wọ́n sì ń nu ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé ń ṣe é, ọmọ tí kò mọ̀wé ń ṣe é, ọmọ olówó ń ṣe é, ọmọ tálákà ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí ojú kì í fi í tì wọ́n. Bí koríko bá kan kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, tí olùkọ́ náà sì mú àdá kan dání láàárín wa, ta ni yóò pè é ní ìyà?

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, pé ìyà yẹn náà ń kọ́ wa níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí a bá ń fi àdúrà jẹ ọmọ níyà, tí a ń sọ pé, "Nítorí pé o jalè, kúnlẹ̀ kí o gbàdúrà fún wákàtí méjì," ṣé ọmọ náà yóò fẹ́ràn ilé Ọlọ́run? Ohun kan ṣoṣo tí ìyà ń kọ́ ènìyàn ni bí a ṣe ń tètè parí rẹ̀ kí a sì sá lọ. Àwa ọmọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà yanjú. A ti sá lọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní nígbà tiwọn, oko olùkọ́ ni àwọn tó bá ṣẹ̀ máa ń ro, olùkọ́ ló sì ń jẹ iṣu rẹ̀. Màmá rántí ọdún 1976 dáadáa, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbin nǹkan, títí kan ẹ̀yìnkùlé ilé, tí wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko ní àkókò ìsinmi. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé tirẹ̀ dé, wọ́n pè é ní Green Revolution. Ètò lọ, ètò bọ̀. Títí di òní, a ṣì ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé kí àwọn ọ̀dọ́ pa dà sí iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n ẹnu wa ń sọ pé "ẹ gbìn," ọwọ́ wa sì ń sọ pé "ìyà ni." Ọmọ kì í tẹ̀lé ẹnu. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe ló ń tẹ̀lé. Kò sí ètò ìjọba tó lè fi ọjọ́ kan tún ohun tí ilé-ìwé fi ọdún 12 bà jẹ́ ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má fi ọkọ́ àti àdá jẹ ẹnikẹ́ni níyà mọ́. Ẹ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ebè kan, kí àwọn tó gbìn ín sì jẹ nínú rẹ̀. Bí irè rẹ̀ bá lọ sínú ìkòkò ẹlòmíràn, ìyà náà ni, a kàn yí orúkọ rẹ̀ pa dà ni. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ yé fi oko dẹ́rù bà wá. Kí ẹ tó da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, ẹ ṣẹ́ ilẹ̀ kékeré kan kù, kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bá wọn ṣe é. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa na ìka. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín ní ìbéèrè nígbà tí ẹ ṣì ní wọn. Wọn kò ní sọ fún yín bí ẹ kò bá bi wọ́n, nítorí wọ́n rò pé ó wà nínú ìwé yín.

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá mi tún mú ọkọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní àárọ̀. Wọ́n fẹ́ fẹ ebè ata wọn díẹ̀ sí i. Àbúrò mi sáré jáde láìwọ bàtà, ó dúró sí ẹnu ààlà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò nà wọ́n sókè, ẹ̀gbẹ́ ló nà wọ́n sí. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni tèmi parí sí o. Ẹ má gbà á." Ìyá mi ní àwọn kò gbà á. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi okùn sàmì sí i.

Mo fẹ́ kí ọmọ gbogbo ilé lè bá ìyá rẹ̀ du ilẹ̀ báyìí.